Ata Ni Kí Ẹ Yan Wáìnì Fún, Ẹran Lè Dúró Ná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ń mú àwọn àna rẹ̀ bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, a ó sì tó ọgbọ̀n àgbàlagbà lórí ìjókòó. Bàbá ọmọbìnrin náà fẹ́ràn wáìnì gan-an, ọmọ mi sì ti ní kí n má fi bíà àti mínírà nìkan gba àlejò yìí. Ohun tí a fẹ́ sè ni ìrẹsì jọ̀lọ́fù àti tòlótòló díndín, mọ́ínmọ́ín, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹran ewúrẹ́, àti ẹja àrọ̀ díẹ̀ fún àwọn tí kì í jẹ ẹran. Wọ́n sọ fún mi pé wáìnì pupa ni fún ẹran, funfun ni fún ẹja. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ni kí n rà, ìgò mélòó ni yóò tó, báwo ni n ó sì ṣe mú un tutù pẹ̀lú bí iná ṣe ń ṣe? Ó ju ìdajì ẹbí wa lọ tí kì í fẹnu kan ọtí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n jókòó lásán.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún, ẹ sì kú oríire àna. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ náà san wá sí rere.

Ọ̀rọ̀ pupa fún ẹran, funfun fún ẹja yẹn wúlò níbi tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ẹran tí wọ́n ń jẹ ní Faransé tàbí Ítálì, iyọ̀, bọ́tà àti ewé olóòórùn dídùn díẹ̀ ló máa ń wà lára rẹ̀. Adùn ẹran gan-an ni wáìnì wọn ń bá pàdé lẹ́nu. Ẹran ewúrẹ́ tiyín máa gba inú ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà àti irú kọjá kó tó dé inú abọ́. Ata ni ahọ́n àlejò yóò kọ́kọ́ kàn, nítorí náà ata ni kí ẹ yan wáìnì fún. Tí mo bá ń yan wáìnì fún ìnáwó nílẹ̀ Yorùbá, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi olóńjẹ ni bí ọbẹ̀ náà ṣe ta tó. Bóyá adìẹ ló wà nínú rẹ̀ ni tàbí màlúù, ìyẹn lè tẹ̀lé e.

Ìdí rẹ̀ rèé. Wáìnì pupa ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní tánínì, tó ń ti ara èèpo àti kóró èso àjàrà wá. Èèpo ni wọ́n ń rẹ pọ̀ mọ́ omi èso náà kó tó pupa, ìdí nìyẹn tí tánínì fi pọ̀ nínú pupa ju funfun lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín oko kajú, ẹ mọ bí omi èso kajú ṣe máa ń fa ahọ́n pọ̀ tí ẹnu á gbẹ táútáú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tánínì ń ṣe. Ọ̀rá ẹran àti iyọ̀ máa ń rọ̀ ọ́, àmọ́ ata kì í rọ̀ ọ́ rárá. Ńṣe ni àwọn méjèèjì máa ń gbé ara wọn nídìí, tí ẹnu á máa jó, tí wáìnì á sì máa korò. Agbára ọtí náà tún ń dá kún un. Iṣan ara tó ń jẹ́ kí ẹnu mọ ohun gbígbóná ni ata ń tọ́ jí, òun kan náà sì ni ọtí ń tọ́ jí. Tí ẹ bá gbé wáìnì pupa tí agbára rẹ̀ tó ìdá 14 tàbí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé orí ọbẹ̀ ata rodo, àlejò yín á máa wá omi kiri.

Ohun tó ń pa ata lẹ́nu ni ṣúgà díẹ̀ àti òtútù. Ẹ wá fi ìkan kún un, ìyẹn kíkan bíi ti ọsàn tí kò tíì pọ́n tán, nítorí tòmátò inú jọ̀lọ́fù àti ọbẹ̀ ata fúnra rẹ̀ kan. Wáìnì tí kò kan tó oúnjẹ tí ẹ fi tì í máa ń dà bí omi lásán lẹ́nu. Wáìnì tó yẹ tábìlì yín ni èyí tó dùn díẹ̀, tó kan dáadáa, tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, tí tánínì rẹ̀ kéré, tí ó sì tutù.

Báwo lẹ ó ṣe dá a mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọn kò ní jẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò? Ẹ wo nọ́ńbà agbára ọtí tó wà lára ìgò. Ẹmu tí wọ́n gbé wálé láàárọ̀ dùn nítorí pé ṣúgà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́, ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà náà, ó ti sọ ọ́ di ọtí, ẹmu ti le, ó sì ti ń kan. Ìwúkàrà ló ń ṣe wáìnì náà. Nítorí náà, tí ẹ bá rí wáìnì funfun láti Jámánì tí wọ́n kọ 8 tàbí 9 sí lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ṣúgà ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 13 tàbí 14, ìwúkàrà ti sábà jẹ ṣúgà rẹ̀ tán. Wáìnì tí wọ́n bu ọtí líle sí nìkan ni kò tẹ̀lé ìlànà yìí, bíi Port láti Pọtugí, tó ń tó 19 tàbí 20 síbẹ̀ tó dùn bí oyin. Kí ẹ má ra ìyẹn fún oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹ tún ka ọ̀rọ̀ ara ìgò. Dry, Sec àti Trocken túmọ̀ sí pé kò dùn. Off-dry, Semi-sweet àti Demi-sec túmọ̀ sí pé ó dùn díẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti wáìnì tó ń hó nìkan ló máa ń da ènìyàn láàmú: Brut ni èyí tí ṣúgà rẹ̀ kò tó gíráàmù 12 nínú lítà kan, Extra Dry sì wà láàárín 12 sí 17, ìyẹn ni pé ó dùn ju Brut lọ láìka ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ. Demi-sec wà láàárín 32 sí 50. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ná owó ńlá ra Brut fún ìnáwó, tí àwọn àlejò á mu ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì gbé ife kalẹ̀, nítorí wọ́n retí pé yóò dùn.

Nínú gbogbo èso àjàrà, tí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan fún oúnjẹ Ògbómọ̀ṣọ́, Chenin Blanc láti Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì funfun, ni n ó mú. Òun ni wọ́n gbìn jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, ó wọ́pọ̀ ní ọjà wa, ó kan dáadáa, wọ́n sì ń ṣe èyí tó dùn díẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n ti ń fún wáìnì níbẹ̀ láti 1659, nítorí náà kì í ṣe ọwọ́ tuntun. Riesling láti Jámánì dára tó bẹ́ẹ̀, àní ó dára jù ú lọ lójú tèmi níbi tí ata bá ti pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ bá rí i ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ yín.

Jọ̀lọ́fù àti tòlótòló díndín rọrùn. Epo wà lára ẹran díndín, tòmátò àti èéfín iná igi wà nínú ìrẹsì. Wáìnì tó ń hó máa ń gé epo kúrò lẹ́nu, ẹnu á mọ́, àlejò á sì tún fẹ́ bu òkèlè mìíràn. Ẹ ra Prosecco tó jẹ́ Extra Dry láti Ítálì, tàbí Demi-sec láti ibikíbi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dandan tà yín ní Champagne: agbègbè kan ṣoṣo ní Faransé ló ni orúkọ yẹn, owó rẹ̀ sì ga. Cava láti Sípéènì àti Cap Classique láti Gúúsù Áfíríkà, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe Champagne náà ni wọ́n gbà ṣe wọ́n, inú ìgò fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń hó lẹ́ẹ̀kejì. Mọ́ínmọ́ín yóò bá èyíkéyìí nínú wọn lọ láìjà.

Ẹja àrọ̀ náà, tó bá jẹ́ pé ata ni ẹ fi sè é, Chenin Blanc yẹn náà ni.

Àmàlà ni iṣẹ́ wà. Ọmọ Ajílété ni yín, ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ẹ kò lè gba àna láìsí ọkà. Àmàlà fúnra rẹ̀ kò da wáìnì láàmú. Gbẹ̀gìrì rọ̀, ó kún ẹnu, ó fẹ́ wáìnì tó ní ara díẹ̀. Ewédú ń yọ̀, ó sì ní irú. Irú yìí ni kí ẹ kíyè sí. Adùn tó wà nínú irú, nínú edé àti nínú ẹja gbígbẹ, ìyẹn adùn tó máa ń jẹ́ kí ènìyàn lá ìka lẹ́yìn oúnjẹ, máa ń mú kí wáìnì le lẹ́nu ju bó ṣe rí lọ: èso inú rẹ̀ á sá pamọ́, ìkorò rẹ̀ á jáde. Iyọ̀ àti ìkan ló ń tún un ṣe. Tí wọ́n bá wá tọ́jú wáìnì náà sínú àgbá igi, tó ń rùn bí igi sísun, ìjà di méjì. Ẹ yẹra fún ìgò tí wọ́n bá kọ Oaked tàbí Reserve gàdàgbà sí lára fún oúnjẹ yìí.

Mo ti fi oríṣiríṣi ti àmàlà àti gbẹ̀gìrì, èyí tó sì máa ń yá àwọn tó ń jẹun lórí jù ni rosé, ìyẹn wáìnì tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó dùn díẹ̀, tí wọ́n gbé jáde nínú yìnyín. Ó ní àwọ̀ àti èso pupa, síbẹ̀ tánínì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó tún ní àǹfààní kan: àwọn ìyá tó bẹ̀rù pé funfun le jù máa ń gbà á láìkọ̀. Chenin Blanc tó dùn díẹ̀ lè rọ́pò rẹ̀. Fún ẹran ewúrẹ́ inú ọbẹ̀ náà, tí àwọn kan bá ṣáà fẹ́ pupa, ẹ wá pupa fífúyẹ́. Pinotage tó fúyẹ́ dára. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni Pinotage: ní 1925 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold so Pinot Noir pọ̀ mọ́ Cinsault ní Stellenbosch tó fi rí i. Tí ẹ kò bá rí i, Merlot tí kò lágbára tàbí Beaujolais láti Faransé. Ẹ mú un tutù díẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún wọn. Àwọn pupa dídùn tó kún ṣọ́ọ̀bù, bíi Four Cousins tí wọ́n ń ṣe ní Robertson ní Gúúsù Áfíríkà, kò sí ohun ìtìjú kankan nínú wọn. Ata gan-an ni wọ́n yẹ fún, àwọn ènìyàn wa ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí amòye kankan tó sọ fún wọn.

Bàbá ọmọbìnrin náà ń kọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pupa tí kò dùn, tó le, ló fẹ́ràn, bíi Cabernet Sauvignon. Ẹ ra ẹyọ kan fún un, àmọ́ kí ẹ má gbé e jáde pẹ̀lú ọbẹ̀. Ẹ ní kí alásè yọ ẹran ewúrẹ́ díẹ̀ sọ́tọ̀, èyí tó lọ́ràá, kó fi iyọ̀, àlùbọ́sà àti atalẹ̀ pa á lára, kó sun ún lórí ẹyin iná, kó má fi ata rodo sí i. Tí wọ́n bá jẹun tán, tí àwọn bàbá bá bọ́ sí ìta láti ṣeré, ẹ gbé àwo ẹran yẹn àti ìgò Cabernet síwájú rẹ̀. Ọ̀rá àti iyọ̀ á rọ tánínì, wáìnì náà á sì ṣí. Ó máa mọ̀ pé wọ́n ro òun rò nílé yìí, ìyẹn sì ju owó ìgò náà lọ.

Ní ti iye, ìgò kan jẹ́ mílílítà 750, ó ń pé ife márùn-ún tí ènìyàn bá bu mílílítà 150. Nínú ọgbọ̀n ènìyàn, ẹ ní ó ju ìdajì lọ tí kì í mu. Ká ní méjìlá ló máa mu, kí a sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ife mẹ́ta láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́: ife 36 nìyẹn, ìgò mẹ́jọ á gbé e. Méjì tó ń hó fún ìkíni àti fún kéèkì, mẹ́ta nínú Chenin Blanc, méjì rosé tàbí pupa fífúyẹ́, àti Cabernet bàbá àna. Fún kéèkì, ẹ rántí pé wáìnì gbọ́dọ̀ dùn ju kéèkì lọ, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò kan lẹ́nu bí ọtí kíkan. Demi-sec ló yẹ ibẹ̀, tàbí Moscato d'Asti tí agbára rẹ̀ kì í ju bí ìdá 5 tàbí 6 lọ.

Ẹ má dúró di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejìlá kí ẹ tó lọ sí Tákíè. Nígbà tí ẹ bá sì dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo ibi tí ìgò ti wà kí ẹ tó wo owó rẹ̀. Ìgò tí wọ́n tò síwájú fèrèsé, tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́, ti sè nínú. Ẹ bẹ onítọ̀hún kó mú tiyín láti inú páálí ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé ìgò funfun sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà: tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń dúdú bíi ti tíì, ẹ dá a padà. Ẹ fọwọ́ kan orí rẹ̀. Bí kọ́ọ̀kì bá ti ń ti ara rẹ̀ sókè, tàbí tí omi bá ti jò tó ń lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò, ooru ti bà á jẹ́. Ìgò onídèérí tí a ń lọ́ ṣí kì í ṣe ti olówó pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ wáìnì dáadáa ni wọ́n fi ń dé báyìí, ó sì gbà yín lọ́wọ́ wíwá ohun ìṣíkọ́ọ̀kì kiri. Wáìnì funfun àti rosé tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tuntun ló dára. Ẹ wá ọdún tó súnmọ́ tòní lára ìgò, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀.

Ti iná, ẹ fọkàn balẹ̀, fíríìjì kò pọn dandan. Ẹ bá wọn ra yìnyín, ẹ fọ́ ọ sínú báàfù ńlá, ẹ bu omi lé e títí tí omi á fi dé ọrùn ìgò, ẹ da ẹ̀kún ọwọ́ iyọ̀ kan tàbí méjì sí i. Yìnyín nìkan kì í fọwọ́ kan ìgò yíká, omi ló ń gbé òtútù náà dé ibi gbogbo, iyọ̀ sì ń jẹ́ kí omi tutù ju bó ṣe yẹ kó tutù lọ. Láàárín ìṣẹ́jú 25 sí 30, funfun, rosé àti èyí tó ń hó á ti tutù dáadáa. Pupa náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ní pupa kì í wọ yìnyín, pé bí yàrá bá ṣe rí ni kí a mu ún. Yàrá òyìnbó tó tó dígírì 16 tàbí 18 ni wọ́n ń sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ ọyẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá yín lè kọjá 30, ọtí nìkan ni imú á sì gbọ́ nínú irú wáìnì bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ kan ṣoṣo máa mójú tó báàfù yẹn, kó máa nu ara ìgò kó tó gbé e wọlé kí omi má baà máa kán sí aṣọ àlejò. Ife gíláàsì lásán náà á ṣe é, kí wọ́n má ṣáà bù ú kún: ìdá kan nínú mẹ́ta ife ti tó, kí òórùn rẹ̀ rí àyè.

Àwọn tí kì í mu ọtí ló jẹ mí lógún jù. Láti 1855 ni iṣẹ́ ìhìnrere Onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn Mùsùlùmí sì wà nínú ẹbí, nítorí náà àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àlejò ẹ̀gbẹ́ kan. Sóbò ni n ó kọ́kọ́ sè fún wọn. Òdòdó ìṣápá pupa yẹn kan, ó sì ń fa ẹnu díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe gbogbo ohun tí wáìnì pupa fífúyẹ́ ń ṣe lórí jọ̀lọ́fù. Ẹ sè é pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù, ẹ fi èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i, ẹ má jẹ́ kí ṣúgà pọ̀, kí ẹ sì kó o sínú ìgò gíláàsì tó mọ́, kí ó wà nínú báàfù yìnyín pẹ̀lú ti ìyókù. Oje èso àjàrà tó ń hó dára fún ìkíni. Tó bá dùn jù fún yín, ẹ bu omi sódà sí i, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: wáìnì tí wọ́n yọ ọtí inú rẹ̀ yàtọ̀ sí oje èso. Ó lè ṣẹ́ kù tó ìdá 0.5. Ẹ ka ara ìgò dáadáa kí ẹ tó gbé e fún Mùsùlùmí tàbí fún àwọn tí wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kì í fẹnu kàn án, ẹ sì ya ife wọn sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń lo Flagyl kò gbọ́dọ̀ mu wáìnì, ẹni tó máa wa mọ́tò padà lálẹ́ náà sóbò ni kó mu.

Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dé e padà kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, pupa pẹ̀lú. Ó lè lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Èyí tó ń hó kì í dúró, kí ẹ mu ún tán lọ́jọ́ náà. Funfun tó bá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ bu díẹ̀ sínú omi ẹran nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ bọ adìẹ, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ewé efinrin.